Orúkọ Wa Lára Ògiri Káńsù

Àlàmú, fetí sílẹ̀, má dá mi lóhùn sókè,
ọmọ ọmọ mi ń sùn lẹ́yìn fèrèsé yìí.
Ọjọ́bọ̀ ni a mú. Kì í ṣe Ọjọ́ Ẹtì.
Ọjọ́ Ẹtì ni Fọlárìn máa ń ti Ìbàdàn dé
pẹ̀lú ìbéèrè bíi ti ọlọ́pàá:
"Màmá, ta ló bá yín tún ẹ̀rọ omi ṣe?"
Ìwọ ni. Mo ní ẹnìkan tó ń kọjá lọ ni.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta
tó fẹ́ sá lọ bá ọkọ bí ọmọge!
Ẹ̀rín ń pa mí, orúnkún sì ń ro mí.
Àwọn tó ń sá lọ láyé ijọ́un,
òru ni wọ́n fi ń sáré.
Èmi, n ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé Òkè-Fìà.

O ní ká lọ sí etí òkun,
níbi tí iyanrìn ti funfun, tí igi àgbọn tẹ̀ sórí omi,
bíi ti Mojírayọ̀, tó fò fún wákàtí mọ́kànlá
lọ ṣègbéyàwó ní erékùṣù tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀.
Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo wò ó títí:
igi àgbọn. Ìbẹ́pẹ. Oòrùn.
Mo gbójú sókè wo ẹ̀yìnkùlé mi l'Ayétòrò:
igi àgbọn. Ìbẹ́pẹ. Oòrùn.
Mo ní owó ọkọ̀ yìí mà pọ̀ o,
fún ohun tí ewúrẹ́ aládùúgbò ń jẹ lójoojúmọ́.

Nítorí náà, káńsù ni. Òṣogbo níbí.
N ó wọ àdìrẹ tí mo fi ọwọ́ ara mi rẹ
nígbà tí aró ṣì ń dé ìgbọ̀nwọ́ mi.
Ìwọ, wọ kóòtù Relúwéè rẹ tó ku bọ́tìnnì kan;
mo ti rí bọ́tìnnì náà nínú agolo, n ó rán an.
Ẹlẹ́rìí wa, Làmídì tó ń tún bàtà ṣe níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin,
àti Sífáwù, tó máa ń sọ ohun gbogbo àfi àṣírí.
Bàbá Fọlárìn ti pé ọdún mẹ́sàn-án nílẹ̀.
Mo ti sọ fún un. Kò bá mi jà.

Ohun kan ṣoṣo ló bà mí lẹ́rù:
akọ̀wé ní orúkọ wa yóò wà lára pátákó
fún ọjọ́ mọ́kànlélógún.
O rẹ́rìn-ín. O ní, "Ta ló ń ka pátákó káńsù?
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi lẹ àkókò ọkọ̀ mọ́ ògiri,
àwọn èèyàn dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń bi mí
ìgbà wo ni ọkọ̀ máa dé."

Òótọ́ ni. Àgbà kan kò kà á.
Ọmọ ọdún méje ni, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà,
tó ń ka páálí ọṣẹ, tó ń ka ẹ̀yìn táńkà,
tó ń ka "Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà."
A ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀. Ó dúró, ó na ìka:
"Rà-bí-á. Rà-bí-á-tù. Màmá, orúkọ yín rèé!"
Mo ra bisikíìtì fún un. Kò gbà á.
"Ẹ̀yin àti bàbá tó tún ẹ̀rọ omi ṣe?"
Ó ronú díẹ̀ bí adájọ́,
ó ní òun ni yóò gbé báàgì.

Báàgì ọ̀hún wà lábẹ́ ibùsùn:
ìró kan, ìpara, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru,
àti awò ojú rẹ tí o gbàgbé níjọ́sí.
Láti káńsù, a ó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà,
ká jókòó nísàlẹ̀ omi tó ń já bọ́ látòkè,
kó máa ta sí wa lára. Ìyẹn náà tó òkun.
Tí Fọlárìn bá dé lọ́jọ́ kejì,
yóò bá àwo kan sí i lórí tábìlì.

Òjò lè rọ̀. Mú agboòrùn ńlá yẹn dání.
Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má fọn fèrè Relúwéè lẹ́nu ọ̀nà mi,
àdúgbò yìí kò tíì gbàgbé ohùn rẹ̀.
Kàn húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.
N kò ní tíì sùn.